Ilẹ̀ tí Mo Fi Ìdọ̀tí Kún

Ọjọ́ Àìkú, 7 Júùnù 1992

Báńkì ló fún mi ní ìwé yìí ní ọdún tuntun. Àwọn oníbàárà ńlá wọn nìkan ni wọ́n ń fún. Láti ìgbà náà ló ti wà nínú dúrọ́ọ̀, ṣùgbọ́n màá máa kọ ọ́ láti òní lọ, torí ohun tí mò ń ṣe ní ìsàlẹ̀ odò yìí, ó yẹ kí àwọn ọmọ mi kà á lọ́jọ́ kan kí wọ́n mọ irú ọpọlọ tó bí wọn. Ìwé tèmi kò kọjá kíláàsì kejì àti Sọ́ńdè Sùkúù. Síbẹ̀ mo ní ilé alájà méjì ní Ìgàndò. Kí àwọn tó kàwé yanjú wá fi tiwọn hàn wá.

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí tí orúnkún ń dùn mí ní ọjọ́ Àìkú. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe dún tí àdúgbò pa lọ́lọ́ ni Àlàó onítípà dé. Ìdọ̀tí ọjà Ìkọtún ló kó wá, ó dà á sínú ẹrẹ̀ mi ní ìsàlẹ̀ odò, ó padà lọ kó òmíràn. Àwọn tó ra ilẹ̀ àbàtà bíi tèmi ń fi yanrìn kún un, owó yanrìn sì ń jẹ wọ́n run. Èmi ń fi ìdọ̀tí kún tèmi lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá fi máa di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti kì, màá da yanrìn fẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí, màá fi ìpìlẹ̀ ilé kejì lélẹ̀. Ta ló kọ́ mi? Ìgò àti irin àlòkù ni mo fi di èèyàn l'Ékòó. Mo ru ìgò láti Ẹgbẹ́dá dé Ìkọtún títí irun àárín orí mi fi re. Ọjọ́ tí mo kan òrùlé ilé mi ni mo búra pé ẹrù kankan ò ní gun orí yìí mọ́, ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Wàsílátù nìkan ló wà ní ìsàlẹ̀ odò nígbà tí típà dé. Ẹ̀sìn tiẹ̀ kò dí i lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Opó ni. Èmi ni mo fún un ní etí ilẹ̀ mi kó máa gbin ẹ̀fọ́ sí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó gbójú sókè, ó wo típà, ó wò mí, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kí mi. Kò bèèrè nǹkan kan. Obìnrin tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Júùnù

Wàsílátù gbé ẹran Iléyá wá fún wa. Òun tí kò lè pa àgbò, ibi tí wọ́n ti fún un ló ti bù wá. Ìyá Táyéwò, ìyàwó mi, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún un. Bó ṣe lọ tán, ó ní òun ń gbóòórùn nǹkan láti ìsàlẹ̀ odò. Mo ní ọ̀pọ̀lọ́ ló kú síbẹ̀.

Ó ní, “Ọ̀pọ̀lọ́ mélòó, Bàbá Táyéwò?”

Mo ń jẹran mi lọ. Ẹran náà dùn. Àlàó ti wá, ó ti lọ. Ó ń ráhùn pé epo ọkọ̀ ti di góòlù, àmọ́ ibi tèmi yìí sún mọ́ òun ju ibi tí wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀. Mo ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Júùnù

Káńsù ri pátákó kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ odò láàárọ̀ yìí. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Simeon Ọlátúnbọ̀sún, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé wa, tíṣà tó wá láti Èkìtì, ló kà á fún gbogbo èèyàn. Káńsù fẹ́ yan ìsàlẹ̀ odò wa sí ibi ìdalẹ̀nù fún gbogbo agbègbè. Wọ́n á kọ́ ṣẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, níbi tí wọ́n á ti máa ṣa ìgò, irin àti ọ̀rá sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń rà á lọ yọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, kó gbé e wá sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì.

Òpópónà dàrú. Pálọ̀ mi ni wọ́n wọ́ dé, àbí ta ni alága wọn? Àwọn kan ń sunkún kànga, àwọn kan ń sunkún ayálégbé tó máa kó jáde. Mo jẹ́ kí wọ́n pariwo tán. Mo wá dìde.

Mo ní, “Tí káńsù bá gbé ààtàn wá síbí, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní Akínlẹ́yẹ mọ́.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ débi pé gíláàsì ojú fèrèsé ń mì. Ìbínú tòótọ́ ni mo fi sọ ọ́ o. Ta ló máa ń gbé ààtàn síwájú ilé alájà méjì? Ìgbà tí wọ́n túká tán ni mo tó rántí ilẹ̀ mi. Àmọ́ tèmi yàtọ̀. Ti káńsù, dídà ni wọ́n fẹ́ dà á. Tèmi, kíkún ni mò ń kún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Júùnù

Èmi àti Simeon lọ sí káńsù. Mo wọ agbádá, mo dé fìlà aláràn, kí wọ́n mọ ẹni tó wọlé. Wolé-wolé àgbà kan ni wọ́n mú wa lọ bá, obìnrin, Ìyáàfin Agnes ni wọ́n ń pè é. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti ń ṣa ìgò kúrò lára irin kí wọ́n tó bí i. Kò bínú. Ó ní, ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa là wá lọ́yẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé òfin. Káńsù kò gbọdọ̀ yan ilẹ̀ tó bá sún mọ́ ilé àti kànga. Tiwa sún mọ́ wọn jù. Mo rò pé ó parí síbẹ̀, mo ti ń kó agbádá sí èjìká. Ó ní kí n jókòó. Ó ní bó bá jẹ́ ilẹ̀ tí ẹni tó ni í ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìdọ̀tí sí, òfin kànga kò dè é mọ́, torí ìdọ̀tí ti wà níbẹ̀ ná. Káńsù lè yàn án, kó sì gba ti àwọn tó yí i ká mọ́ ọn. Ó ní ohun tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa gan-an nìyẹn. Àwọn onítípà ló sọ fún wọn pé ibì kan wà ní Ìgàndò tí àwọn ti ń da tiwọn.

Ó ní, “Ta ló ni ilẹ̀ tí ìdọ̀tí wà lórí ẹ̀ yẹn?”

Simeon ló dáhùn. Ó ní ti Alága wa fúnra wọn ni. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ onítípà ló ń jí ìdọ̀tí dà sí wọn nílẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Obìnrin náà wò mí. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí tí mo mì yẹn, látìgbà yẹn ló ti ń wúwo lọ́rùn mi. Simeon sọ̀rọ̀ títí a fi délé, mi ò gbọ́ ìdajì. Ìyá Táyéwò gbé iyán síwájú mi, mo ní kó gbé e kúrò.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Júùnù

Mo ní kí Àlàó má wá mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé sítíárìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ẹrẹ̀ yín kì í yó.” Ó ní òun lè dúró tòun, ṣùgbọ́n àwọn onítípà yòókù ti mọ ọ̀nà, òun kọ́ ló máa lé wọn. Òótọ́ ló sọ. Kí àwọn èèyàn tó dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, típà méjì tí mi ò mọ̀ rí ti dà á, wọ́n ti lọ. Mo dúró síwájú ọ̀kan nínú wọn, mo na ọwọ́. Awakọ̀ náà ní kí n kúrò lọ́nà, pé ṣé èmi ni mo ni ààtàn ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Júùnù

Òjò. Òjò. Gàrí tún ti gbẹ́nu sókè.

Ọjọ́ Ajé, 6 Júláì

Òjò dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, Wàsílátù wá. Ilé rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, kànga rẹ̀ ni odò máa ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ó gbé omi wá nínú ike, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì mi. Ó pọ́n bíi tíì. Òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn ọkọ̀ Àlàó.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Alága ni yín.”

Ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Obìnrin tó rí mi tí mò ń júwe fún típà pé kó fà sẹ́yìn, kó fà sẹ́yìn, kó máa bọ̀! Mo bọ́ sínú yàrá, mo mú álọ́ọ̀mù jáde, mo ní kó máa jù ú sínú omi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tún dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí Ìyá Táyéwò jẹ́ kó máa pọn omi lẹ́yìnkùlé wa. Ó dúpẹ́ fún ìyẹn náà. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Júláì

Mo mú ṣọ́bìrì, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bo ìdọ̀tí náà mọ́lẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tí mo kó kò bo ju ibi tí ẹran kan lè dùbúlẹ̀ sí. Simeon rí mi, ó wá gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, ó ní kí àgbà bíi tèmi má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn olè. Ó ń sọ káàkiri pé òun ò tíì rí irú alága báyìí rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Júláì

Ìpàdé ẹgbẹ́ onílé. Pálọ̀ kún dé kọ́rídọ̀. Wàsílátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà nítòsí bàtà, torí kò sẹ́ni tó ní kó wọlé, òun náà kò sì sọ pé òun fẹ́ wọlé.

Simeon ti lọ wádìí òfin. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ó ní ohun tí káńsù máa dì mú ni ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ilẹ̀. Bó bá jẹ́ jíjí ni wọ́n jí i dà, wọ́n ti pàdánù. Ẹnì kan bèèrè pé, bó bá ṣe pé ẹnì kan ló pè wọ́n ńkọ́? Simeon ní bó bá jẹ́ ẹni tí kì í ṣe onílẹ̀ ló pè wọ́n, ayálégbé tàbí alágbàro, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè de ilẹ̀ onílẹ̀, káńsù á tún pàdánù. Àfi kó jẹ́ onílẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní onílẹ̀ wo ni orí rẹ̀ máa dàrú tó bẹ́ẹ̀?

Inú bí mi sí ẹ̀rín yẹn, mi ò mọ ìdí. Tàbí mo mọ̀ ọ́n. Mo dìde. Tí ẹ̀rù bá ń bà mí, ohùn mi máa ń ga ni, bí mo ṣe wà láti kékeré nìyẹn. Mo ní ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ bá tẹ̀ pé ó pe típà wọ ìsàlẹ̀ odò wa, a ò ní bá a rà, a ò ní bá a tà. Mo ní kí Simeon kọ ọ́ sílẹ̀ ní òfin ẹgbẹ́. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Wàsílátù ń to àwọn bàtà tó fọ́n ká, ó ń kó ọ̀tún pẹ̀lú òsì.

Ọjọ́ Ajé, 3 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ sí ilé Simeon láti sọ fún un. Ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò tó máa wọ̀ lọ́la. Ó ní, Alága, ọ̀la yìí a ó ṣe wọ́n báṣubàṣu. Mo ní ìdí tí mo fi wá ni pé kó má gbàgbé gègé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kún. Orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n fi wá jókòó sí, orúnkún mi ga dé àgbọ̀n. Ìyáàfin Agnes dìde níwájú. Simeon sọ ti kànga, ó sọ ọ́ débi pé obìnrin náà ń mi orí. Ó wá ní òun gbọ́, àmọ́ onítípà kan ti sọ fún káńsù pé òun kò jí nǹkan kan dà, wọ́n pe òun ni. Onítípà náà kọ̀ láti dárúkọ ẹni tó pè é, torí ìyẹn ni òun fi ń jẹun. Obìnrin náà wá gbójú ká gbọ̀ngàn.

“Mo fẹ́ kí ẹni náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ta ló pè é?”

Mo ní kí ẹsẹ̀ mi dìde. Mo fi ọkàn mi sọ fún un. Ẹsẹ̀ tó gbé ìgò kiri gbogbo Alímòṣọ́ kò gbé mi nílẹ̀. Simeon ti ń sọ pé irọ́ ni onítípà ń pa. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn.

“Èmi ni, mà.”

Wàsílátù ni. Ó ti ká ìborùn rẹ̀ sọ́wọ́. Ó ní òun ni òun pè é. Ó ní ìdọ̀tí ọjà máa ń mú ẹ̀fọ́ dàgbà, òun ní kó da díẹ̀ fún òun sí ẹ̀bá ebè, òun ò mọ̀ pé á pọ̀ tó báyìí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye ẹ̀fọ́. Ariwo sọ ní gbọ̀ngàn. Ẹnì kan ní àjẹ́ ni. Òmíràn ní ẹran Iléyá rẹ̀ tí gbogbo wa jẹ, kí Ọlọ́run gbà wá.

Ìyáàfin Agnes fọwọ́ lu tábìlì. “Ìwọ lo ni ilẹ̀ náà?”

“Rárá, mà. Bàbá Alága ló ni í. Wọ́n kàn ṣàánú mi ni.”

Obìnrin wolé-wolé yìí wá yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ kò mú. Ojú ẹni tó fún èèyàn láyè ni. “Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó pè é?”

Mo ní, “Rárá.”

Òótọ́ ni. Mi ò ní kó pè é. Mi ò tíì rí òótọ́ tó rà báyìí rí.

Wọ́n ní káńsù á kọ ohun tó bá pinnu sórí pátákó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá tún ní ọ̀rọ̀ tuntun ní títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ gbé mi sí èjìká níta. Mo ní orúnkún ń dùn mí.

Ọjọ́rú, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mi ò jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pè mí síwájú. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ní Ọlọ́run gbé akọni dìde láàárín wa. Mo wo bàtà mi.

Òfin tí mo ṣe ti ń ṣiṣẹ́. Wàsílátù gbé ẹ̀fọ́ kọjá láàárọ̀ àná, ilẹ̀kùn ń tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bọ̀. Ìyá kan tí Wàsílátù máa ń fún ní èènì tẹ́lẹ̀ tu itọ́ sílẹ̀. Láti àná, ó ti ń rìn dé Ìkọtún kó tó tà á. Ìyá Táyéwò ṣì ń jẹ́ kó pọn omi lẹ́yìnkùlé wa, àwọn èèyàn sì ń yìn wá fún un, pé ọkàn wa mà dára o.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Wàsílátù nídìí ebè. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde, mo ní jọ̀ọ́. Mo bi í pé ta ló rán an.

Ó ní kò sẹ́ni tó rán òun. Ó ń tu koríko lọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò dúró. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣàlàyé òfin ní pálọ̀ mi, òun gbọ́ gbogbo ẹ̀ látẹnu ọ̀nà. Bí onílẹ̀ bá sọ̀rọ̀, gbogbo wa la máa mu omi ààtàn. Bí òun bá sọ̀rọ̀, òun nìkan ni. Òun wò ó pé ó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, “Èmi ni mo ṣe é, Wàsílátù.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Èmi náà wà níbẹ̀.”

Mo ní màá lọ sọ fún wọn, lónìí yìí, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó túká. Ìgbà yẹn ló tó gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ le. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

“Ẹ ò ní sọ ọ́ kí ilẹ̀kùn káńsù tó tì. Wọ́n ti tutọ́ sí mi lára tán. Ẹ má fi ìtìjú mi ṣòfò.”

Mo padà sílé. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé nígbà tó sọ pé kí n dúró, ara mi balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 27 Ọ́gọ́ọ̀sì

Pátákó tuntun dé. Káńsù kò ní yan ìsàlẹ̀ odò wa mọ́, ibòmíràn tó jìnnà sí ilé ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní kí ẹni tó pe típà kó gbogbo ìdọ̀tí náà kúrò. Mo bá Àlàó sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń sanwó rẹ̀. Àdúgbò gbọ́. Wọ́n ní, ẹ wo Alága, ẹni tó ba ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ náà ló tún ń ràn lọ́wọ́. Wọ́n ní irú èmi ò pọ̀. Ká ní ilẹ̀ lanu ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Mo ń sùn dáadáa. Kí n kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo rò pé mi ò ní lè sùn, àmọ́ mò ń sùn, mo sì ń jẹun tán. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kọ orúkọ mi sórí pátákó òpópónà, wọ́n mú ọ̀dà wá kí n yan àwọ̀. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti na èyí tó pupa. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n ṣì dúró ná.

Ọjọ́rú, 16 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Mo pàdé Wàsílátù bó ṣe ń bọ̀ láti Ìkọtún. Agbọ̀n rẹ̀ ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ̀fọ́ ti rọ nínú oòrùn. Ó kúnlẹ̀ sí títì kí mi, àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ rí i. Wọ́n rò pé ó ń bẹ̀bẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Àná ni ilẹ̀kùn káńsù tì. Òní ni ìmọ́tótó òpin oṣù. Kò sí ìrìn títí di aago mẹ́wàá, gbogbo èèyàn ló wà níwájú ilé wọn tí wọ́n ń kó gọ́tà. Ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó lè ní òun ò sí nílé nìyí.

Mo kọ́kọ́ sọ fún Ìyá Táyéwò. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti òru. Mi ò tíì dé àárín rẹ̀ tó ní, “Bàbá Táyéwò, láti ọjọ́ ọ̀pọ̀lọ́ ni mo ti mọ̀.” Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó jáde.

Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò iṣẹ́ ni mo wọ̀, mi ò dé fìlà. Wàsílátù ń di ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ nídìí ebè. Mo ní kó fún mi ní agbọ̀n náà. Ó rò pé mo fẹ́ rà á, ó ní òun á bá mi gbé e délé. Mo ní mi ò rà á, mo fẹ́ kiri rẹ̀ ni.

Ó wo orí mi. Ó ní, “Ẹ ò ní òṣùká.”

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a, ó fi lé mi lórí. Obìnrin kúkúrú ni, agbọ̀n náà tóbi. Mo ní láti kúnlẹ̀ kó tó lè gbé e rù mí. Orúnkún kan náà yẹn ni.

Mo gun òkè wọ òpópónà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń polówó ẹ̀fọ́, mo kàn ń pariwo pé ẹ̀fọ́ Wàsílátù rè é o, tútù ni. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ ń dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Simeon ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó sáré wá, ó fẹ́ gba agbọ̀n. Mo di etí agbọ̀n mú.

“Alága, kí lẹ gbé lórí? Ẹ ti gbàgbé òfin ni?”

Mo ní mi ò gbàgbé. Mo gbé ohùn sókè kí àwọn ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè gbọ́. Mo ní èmi ni mo pe Àlàó, ní àwọn ọjọ́ Àìkú tí mo ní orúnkún ń dùn mí, kí n lè fi ìdọ̀tí kún ilẹ̀ mi. Wàsílátù kò pe ẹnikẹ́ni. Ó bò yín, ó bò mí.

Simeon ń wò mí bí ẹni tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ń kà. Ó ní, “Òfin yẹn ńkọ́ wàyí?”

“Ó ṣì wà. Èmi ni kí ẹ má bá rà, èmi ni kí ẹ má bá tà. Àmọ́ ẹ̀fọ́ yìí kì í ṣe tèmi.”

Ó yíjú, ó wọlé lọ, ó fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ níbi tó wà. Mo ń bá ọ̀nà mi lọ. Àwọn kan wọlé kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹnì kan tí a jọ ń ta ayò pè mí ní arúgbó burúkú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ gọ́tà kan bà mí lẹ́sẹ̀, bóyá ẹni tó ń kó o ṣèèṣì. Ìyá Táyéwò ló kọ́kọ́ rà, ó yọ owó látinú ìdí ìró rẹ̀, kò wo ojú mi. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìyá tó tutọ́ lọ́jọ́sí jáde, ó mú ìdì kan, ó ń sunkún, ó gbàgbé láti sanwó, ó tún sáré tẹ̀lé mi pẹ̀lú rẹ̀.

Agbọ̀n náà kù tó ìdajì nígbà tí mo dá a padà. Ọrùn mi ti gan. Mo ti ru ìgò, mo ti ru irin, mi ò mọ̀ pé ẹ̀fọ́ tútù wúwo tó bẹ́ẹ̀, omi ara rẹ̀ ń kán sí mi lẹ́yìn ní gbogbo ọ̀nà. Wàsílátù wà lórí ìdúró nígbà tí mo dé, orí ìdúró náà ló ti gba agbọ̀n lórí mi. Ó wo inú rẹ̀. Ó ní n kò mọ ẹ̀fọ́ tà. Ó ní kí n tètè dé lọ́la, kí oòrùn tó mú un.

Mo ní ọjọ́ Àìkú ni ọ̀la.

Ó ní òun mọ̀.